Ohun Tó Ń Bá Òkúta Jáde: Kùsà àti Ìbẹ̀rù Májèlé ní Òkè-Ògùn

Nínú gbogbo mẹ́tàlì tó wà láyé, lithium ló fúyẹ́ jù. Òun ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ oníná, òun náà ló sì sọ Komu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, di ibi tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ń wá. Ṣùgbọ́n òkúta kì í dá mẹ́tàlì kan ṣoṣo gbé. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ ọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń tú síta, èyí tí oníbàárà fẹ́ àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ará ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ló ń bá a jáde, níbo ló sì ń ṣàn lọ?

Ọ̀rọ̀ òkúta kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ènìyàn wa ti ń yọ́ irin nínú iná ewìrì, tí wọ́n ń fi rọ ọkọ́, àdá àti ọfà. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ilé ìyọ́rin tó fojú ara rẹ̀ rí ní Ọlá-Ìgbì, ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ìdàrọ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí di òní. Ìwọ̀nba ni iṣẹ́ náà, àwọn tó ń ṣe é sì ni àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Bí èéfín bá pọ̀, ojú tiwọn náà ló ń wọ̀.

Òjé, ọ̀kan lára ohun tó lè bá òkúta jáde, òun náà kì í ṣe àlejò. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú, òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ ṣe é. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá di lẹ́búlẹ́bú, tí ọmọdé fọwọ́ nù lójú tó sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu, ibẹ̀ lọ̀ràn wà. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti pọ̀ jù lára ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀ kàn, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni. Wọ́n gbé tìróò náà lọ fún àyẹ̀wò, òjé inú rẹ̀ sì lé ní 80 nínú 100. Ìtọ́jú tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe fún ojú ọmọ ni.

Láyé ìjọba amúnisìn ni ẹ̀tọ́ lórí òkúta ti kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Òfin àlùmọ́ọ́nì 1946 fi gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ sábẹ́ ìjọba, àwọn ìjọba tó jẹ lẹ́yìn òmìnira kò sì dá a padà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Òfin ìwakùsà ti 2007, èyí tí a ń lò báyìí, fi ìwé àṣẹ sọ́wọ́ Àbújá. Ọkẹrẹ Ṣakí kò lè fún awakùsà níwèé àṣẹ, Asẹ́yìn ti Ìsẹ́yìn kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kódà ọ́fíìsì gómìnà ní Ìbàdàn kò ní agbára yẹn. Àbùkù tí mo rí lára ètò yìí ni pé ẹni tó ń fọwọ́ síwèé kò ní mu omi ibẹ̀ láéláé. Òfin 2007 kan náà fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ kò níwèé àṣẹ kankan, ta ni wọ́n máa wá bá ṣàdéhùn?

Kó tó kan lithium, òkúta ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn oníṣòwò òkúta iyebíye lágbàáyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa tourmaline aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ń wá láti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, Òfìkì tó wà níhà Ṣakí sì wà lára ibi tí wọ́n dárúkọ. Ohun tó fún òkúta náà ní àwọ̀ rẹ̀ ni bàbà. Lẹ́yìn náà ni tantalite, tí wọ́n ń lò nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Òun náà máa ń gbé díẹ̀ nínú uranium dání. Nígbà tí lithium wá gbówó lórí, ibi kan náà ni wọ́n padà sí, nítorí inú irú òkúta kan náà ni gbogbo wọn ń gbé pọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ ilé wó. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ tọ́jú sínú ilé ló fà á. Ọjọ́ yẹn ni ará ìgboro mọ̀ pé kùsà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará oko nìkan.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀rọ̀ òjé fi ń dẹ́rù ba gbogbo ìlú oníkùsà ní Nàìjíríà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Owó wúrà ti lọ sókè lágbàáyé, àwọn ará abúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Anka àti Bukkuyum sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta wúrà wálé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, nínú àgbàlá, lẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà lápọ̀jù. Eruku bà sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé, ó bà sórí ẹní, ó bà sínú oúnjẹ. Ní oṣù Kẹta 2010, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières gbọ́ pé ọmọ ń kú ní àkúpọ̀, gìrì ń mú wọn kí wọ́n tó kú. Àwọn òbí rò pé ibà ni. Nínú abúlé méjì tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, Dareta àti Yargalma, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ti kú láàárín ọdún kan. Lápapọ̀, àwọn ọmọ tó kú ní Zamfara lé ní 400.

Ìwòsàn ọmọ kò ní láárí bí ilẹ̀ tó ń padà sí bá ṣì kún fún májèlé. Nítorí náà wọ́n ha ilẹ̀ àgbàlá kúrò, wọ́n sin ín, wọ́n sì da iyẹ̀pẹ̀ mìíràn lé e. Abúlé méje ni wọ́n ṣe báyìí láàárín 2010 sí 2011. Ìkẹjọ, Bagega, tó tóbi jù, dúró de owó ìjọba títí di 2013. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rá ní 2010 ti ń sáré kiri nínú eruku náà kí wọ́n tó dé. Ní 2015, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní Shikira ní ìpínlẹ̀ Niger: ọmọ 28 ló kú.

Nítòsí wa, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wúrà ti ń jáde láti àwọn ọdún 1940. Ohun tí gbogbo ayé rí níbẹ̀ láìpẹ́ yìí ni pé Odò Ọ̀ṣun pọ́n dà bí omi amọ̀, odò kan náà tó ṣàn gba inú igbó òrìṣà tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Kí ọdún Ọ̀ṣun 2022 tó wọlé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi náà.

Mo rò pé ibí yìí ló yẹ kí Òkè-Ògùn ti ronú dáadáa. Omi tó pọ́n ń mú kí ènìyàn pariwo, ó sì tọ́, nítorí ó ń pa ẹja, ó ń ba irúgbìn jẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n tú ló ń jẹ́ kó pọ́n. Òjé àti arsenic, májèlé mìíràn tó máa ń wà nínú òkúta, kì í fún omi ní àwọ̀, wọn kì í fún un ní òórùn, wọ́n lè wà nínú omi tó mọ́ gaara. Ní Bangladesh, láti àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga onípọ́ǹpù kí àwọn ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ omi ẹlẹ́gbin. Ní 1993 ni wọ́n tó rí i pé arsenic wà nínú omi kànga wọ̀nyẹn. Òkúta Komu kì í ṣe irú òkúta Zamfara, kò sì yẹ kí a máa ka òkú Zamfara sí ìlú mìíràn lọ́rùn kí a tó yẹ ilẹ̀ wò. Ohun tó jọ ara wọn ni ìwà àwọn tó ń lọ̀ ọ́: kí wọ́n gbé òkúta wálé, kí wọ́n fọ̀ ọ́ nínú odò, kí wọ́n fi kòtò sílẹ̀ láìdí. Òfin 1992 lórí àyẹ̀wò àyíká ti sọ pé kí wọ́n yẹ ilẹ̀ àti omi wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí kò bá ní àbájáde àyẹ̀wò ti ìṣáájú, kò ní rí ohun tó máa fi bá ilé-iṣẹ́ jà tí omi bá bàjẹ́ lọ́la. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Orí òkè nítòsí Ṣakí ni Odò Ògùn ti ń ṣàn wá. Ó gba ìdídò Ìkèrè lẹ́bàá Ìsẹ́yìn kọjá, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì ń lọ sí ọ̀sà Èkó. Kó tó dé ọ̀sà ni ilé-iṣẹ́ omi Àdìyán ti ń fà á, tí wọ́n sì ń ṣe é kó tó wọ páìpù. Àwọn tó wà níbi orísun kò ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kànga wọn. Álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń jù sínú omi kó lè sílẹ̀, tàbí kí wọ́n sè é. Sísè ń pa kòkòrò kọ́lẹ́rà. Òjé tó bá wà nínú rẹ̀ kì í bá ooru lọ. Bí omi bá ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ni yóò máa ki sí i.