Àsìkò Nínú Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì

Àsìkò ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹ́ ká mọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe náà gan-an ni ìgbà máa ń hàn sí jù, ibẹ̀ ló sì ti ń há ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pàwọ̀ dà. “Lọ” kò yí padà lánàá, lónìí tàbí lọ́la. Wúnrẹ̀n tó ṣíwájú rẹ̀ ló ń ṣe ìyàtọ̀: ó ń lọ, ó ti lọ, yóò lọ.

Ìgbà méjì péré ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń fi hàn, ti ìsinsìnyí àti èyí tó ti kọjá. Fún èyí tó kọjá, àfòmọ́ “-ed” ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Bíi “t” ló ń dún nínú “walked”, ó ń dún bíi “d” nínú “played”, ó sì ń di sílébù kan lọ́tọ̀ nínú “wanted”. Àkọtọ́ kò fi èyí hàn rárá. Etí ló ń kọ́ ọ. Àwọn bíi 200 mìíràn wà tí kì í gba “-ed”: “buy” di “bought”, “sing” di “sang”, “put” kò sì kúrò níbi tó wà. “Went” tí wọ́n ń lò fún “go”, ara ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, “wend”, ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn aláìgbọràn wọ̀nyí ni ẹnu ń lò jù lójoojúmọ́, nítorí náà kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí ọmọ há wọn sórí.

Ìyókù rọrùn díẹ̀. “Will” ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe bí “yóò” ṣe ń ṣe, “have” ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ti “ti”, “be” pẹ̀lú “-ing” sì súnmọ́ “ń”.

Súnmọ́ ni, kì í ṣe ọ̀kan náà. “Ó ń ta aṣọ” lè jẹ́ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ òwò tí ẹni náà ń ṣe jẹun. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: “she is selling cloth” àti “she sells cloth”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “mo jẹun” ti kọjá láìní wúnrẹ̀n kankan, nígbà tí “mo mọ̀ ọ́n” jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ọmọ tó kọ “yesterday I eat” kò ya òpè; gírámà ilé rẹ̀ ló ń tẹ̀lé.

Ọmọ tó gbọ́ èdè mìíràn ní ìgboro máa ń ní ìṣòro tirẹ̀. Ní Al-Karantina, àdúgbò kan ní gúúsù Jẹ́dà ní Saudi tí ọ̀pọ̀ ìdílé láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Hausa pàápàá, gbé fún ìgbà pípẹ́ nígbà kan rí, èdè Lárúbáwá ni ìgboro ń sọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Lárúbáwá ń yí padà ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: “kataba” ni ó kọ̀wé, “yaktubu” ni ó ń kọ̀wé, “sayaktubu” sì ni yóò kọ̀wé. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéú mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe lè pàwọ̀ dà kí ó tó bá “-ed” pàdé. Láti 2021 ni àwọn ilé ìwé Saudi ti ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kìn-ín-ní. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀ ni “is”, tí Lárúbáwá kì í lò fún ìsinsìnyí; ó lè kọ “he teacher”. Ọmọ Yorùbá náà lè kọ “he tall”, nítorí “ga” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀. Àṣìṣe méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀, oògùn kan náà kò sì lè wò wọ́n.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ni ní “has gone” bẹ̀rẹ̀ láti orí “ti lọ”, kí ó sì fi ibi tí ọ̀nà ti yà han ọmọ: Yorùbá gba “ó ti lọ lánàá”, Gẹ̀ẹ́sì kò gba “he has gone yesterday”.