Owó-Orí Tábà ní Gánà, láti Elmina dé orí Sìgá Oníbátìrì

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè Gánà jókòó ní Accra láti dìbò lórí òfin owó-orí mẹ́ta tí ìjọba gbé síwájú wọn. Àwọn 137 ní kí ó kọjá. Àwọn 136 ní kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹyọ ìbò kan ṣoṣo ni ó là wọ́n. Inú ọ̀kan nínú àwọn òfin wọ̀nyí ni ìjọba Gánà ti kọ́kọ́ fi owó-orí lé sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní vape. A sọ fún àwọn ará ìlú pé nítorí ìlera wọn ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lápá kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn etíkun náà yóò rántí pé láti ìgbà tí tábà ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹni tí ó ń gba owó lórí rẹ̀ kì í fẹ́ kí ó tán.

Ní ọdún 1637 ni àwọn ará Holland gba ilé olódi Elmina lọ́wọ́ àwọn Potogí, tí wọ́n sì sọ ara wọn di oníbodè etíkun náà. Òwò ẹrú ni òwò ayé ìgbà náà. Àwọn ọkọ̀ Potogí tí ó ń ti Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl wá ra ènìyàn kò ní ọjà kan tí ó yá ju tábà lọ. Holland kò fẹ́ kí wọ́n kó ọjà ilẹ̀ Yúróòpù wá rárá, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè gba tábà, bí ọkọ̀ náà bá lè kọ́kọ́ yà sí Elmina kí ó sì fi ìdá 10 nínú 100 ẹrù tábà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó gba ìwé àṣẹ láti lọ tajà ní Grand-Popo, Ouidah, Jakin àti Apa. Ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ sá kọjá tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́, ti ẹrù ti ọkọ̀ ni ó máa ń lọ sí i.

Irú tábà wo ni? Èyí tí ó rẹlẹ̀ jù lọ ni, ìpele kẹta, tí wọn kò gbà kí a kó dé Lisbon. Kí ó má baà gbẹ, àwọn ará Bàhíà a máa fi omi ìrèké tí a ti sè títí tí ó fi ki pa á lára bí wọ́n ti ń lọ́ ọ bí okùn. Adùn yẹn gan-an ni ó wọ àwọn ará etíkun wa lára, tí wọn kò fi gba tábà mìíràn mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbàgbé adùn yìí. A óò tún padà bá a níwájú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ní tààrà. Ní ọdún 1852, Gómìnà Stephen Hill pe àwọn ọba àti ìjòyè jọ sí Cape Coast, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, máa san ṣílè kan lọ́dún. Nígbà tí ó fi di ọdún 1854, àwọn ará Osu, Labadi àti Teshie ti gbógun ti owó náà. Ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu àwọn ìlú wọ̀nyí. Ilé wó, ènìyàn kú, síbẹ̀ owó kò wọlé, kò sì pẹ́ tí owó-orí náà fi kú fúnra rẹ̀. Ìjọba padà sí bodè, ó ń gba tirẹ̀ lórí ọtí, tábà, ìbọn àti ẹ̀tù tí ó ń ti òkè òkun wọlé. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ra tábà kò rí agbowó-orí lójú; iye owó ọjà ti gbé owó-orí mì kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí sìgá gba ipò tábà ìkòkò, ilé iṣẹ́ sìgá dìde ní Takoradi. British American Tobacco ti ilé iṣẹ́ yìí ní ọdún 2006, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó sìgá lọ síbẹ̀ láti Nàìjíríà, níbi tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ńlá ti wà ní Ìbàdàn. Ohun tí èyí mú wá nínú ìṣèlú kò kéré: láti ọjọ́ náà, aṣòfin tí ó bá fẹ́ gbèjà sìgá ní Accra kò ní òṣìṣẹ́ Takoradi tí yóò fi bojú mọ́.

Láti ọdún 2015, ìdá 175 nínú 100 iye tí wọ́n bá dá lé sìgá kí ó tó dé ọjà ni owó-orí Gánà. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí yóò ní owó náà ti pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: bí olówò bá sọ ní bodè pé sídì kan péré ni pákẹ́ẹ̀tì sìgá kan, sídì kan àti pẹ́sẹ́wà 75 ni ìjọba yóò rí gbà, bí wọ́n tilẹ̀ ń tà á ní sídì méje lójú pópó. Ẹnu olówò ni òṣùwọ̀n. Nítorí èyí ni ECOWAS ṣe pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gba ó kéré tán ìdá 50 nínú 100, kí ó sì tún gba ó kéré tán dọ́là 0.02 lórí ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan. Ẹnu lè parọ́ iye owó. Ẹyọ sìgá ṣeé kà. Kí àwa náà má ṣe fi Gánà ṣẹ̀sín o. Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú náírà kan lórí ẹyọ kan ní ọdún 2018, nígbà tí ó sì di ọdún 2022, ìdá 30 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Sìgá oníbátìrì kò ní ẹyọ tí a lè kà. Hon Lik, ará Ṣáínà, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó tàn káyé, ní ọdún 2003: bátìrì a mú omi kan gbóná, omi náà a di ooru, ẹni tí ó ń mu ún a sì fa ooru náà símú. Nínú omi náà ni nikotíìnì wà, èròjà kan náà tí ó ń sọ ènìyàn di ẹrú tábà, wọ́n sì fi adùn èso àti ti súìtì sí i. Adùn ìrèké Bàhíà ni ó tún padà dé yìí, láìsí èéfín tí ìyá yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ lára ọmọ. Báwo ni a ṣe máa wọn owó-orí rẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Minnesota, tí ó kọ́kọ́ ṣe é, gba ìdá 95 nínú 100 owó tí a fi rà á lọ́wọ́ alátàpọ̀. Pennsylvania gba ìdá 40. North Carolina gba sẹ́ǹtì márùn-ún lórí mìlílítà omi rẹ̀ kan. Olúkúlùkù ni ó ń ṣe bí agbára àwọn olówò ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti tó.

Ní Gánà, ebi owó ni ó ti òfin náà jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti gòkè dé ìdá 54.1 nínú 100, ìjọba sì kéde pé òun dáwọ́ dúró ná nínú sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkè òkun. Àjọ IMF yóò yá wọn ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ rí i pé owó tuntun ń wọlé. Bí sìgá àti ohun mímu aládùn ṣe bá ara wọn nínú òfin kan náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ní owó-orí náà yóò pa ilé iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń gbógun ti tábà ní kí aṣòfin má ṣe wojú ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ alátakò NDC, tí Cassiel Ato Forson ṣáájú, ní àwọn kò ní fọwọ́ sí owó-orí kankan tí yóò tún ni ará ìlú lára. Òfin náà kọjá. Ìdá 175 di ìdá 50, pẹ̀lú sídì 0.28 lórí ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ka sìgá oníbátìrì àti omi inú rẹ̀ mọ́ ohun tí a ń gba owó lórí rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, IMF fọwọ́ sí ìyáwó náà.

Ní èrò tèmi, òfin náà sàn ju èyí tí ó rọ́pò lọ. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni pé sídì ni a fi kọ ọ́, sídì sì ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Bí àwọn aṣòfin kò bá máa fi kún sídì 0.28 yìí lóòrèkóòrè, ọ̀wọ́n ọjà nìkan ni yóò sọ ọ́ di ẹ̀dínwó fún amusìgá. Ta ni yóò sì padà lọ sí ilé aṣòfin láti bẹ̀bẹ̀ fún owó-orí tuntun, nígbà tí ti àkọ́kọ́ jẹ́ ẹyọ ìbò kan?

Ẹgbẹ́ NDC wọlé nínú ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 2024. Forson tí ó ṣáájú àwọn 136 ni ó di Mínísítà Ètò Ìsúná ní ọdún 2025. Láàárín oṣù díẹ̀, ó mú kí a fagi lé owó-orí lórí fífi owó ránṣẹ́ nínú tẹlifóònù, èyí tí ó wà lórí owó tí a jẹ nínú tẹ́tẹ́, àti èyí tí ó wà lórí èéfín ọkọ̀. Owó-orí sìgá kò sí lára àwọn mẹ́ta náà.