Owó Tí Ń Wọlé fún Ará Oko: Bí A Ti Ń Ṣírò Rẹ̀ ní Macon County

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwa tí a ń ka Ìwé Mímọ́ kò sì gbàgbé ohun tí ó dé bá Ísírẹ́lì nígbà tí Dáfídì ọba ka àwọn ènìyàn rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìjọba tí ó lè pín ìrànlọ́wọ́ bí ó ti tọ́ láìmọ iye ènìyàn tí ó ní àti ohun tí ń wọlé fún wọn. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ni èyí: bí a bá ka owó tí ń wọlé fún àwọn ará oko ní ọdún kan, tí a sì tún kà á lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ǹjẹ́ a lè fi iye méjèèjì wé ara wọn?

Ẹ jẹ́ kí a fi Macon County, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní gúsù Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni Booker T. Washington ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní 1881. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin sì ti wá sí Togo ní 1901 láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà gbígbin òwú. Oko òwú ni ó yí ìlú Tuskegee ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dáko níbẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, wọn kò sì ní ilẹ̀ tiwọn. Àwìn ni wọ́n fi ń jẹun láti ìgbà ìgbìn títí di ìgbà ìkórè. Nígbà tí a bá ta òwú tán, onílẹ̀ a ṣí ìwé rẹ̀, a yọ gbèsè kúrò, a sì sọ iye tí ó kù.

Charles S. Johnson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fisk University, ṣe ìwádìí láàrín ìdílé 612 ní agbègbè yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1934. Ó hàn nínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé a máa parí ọdún láìrí owó kan pàtó gbà sí ọwọ́.

Ní 1940 ni ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà kọ́kọ́ béèrè owó tí ń wọlé fún olúkúlùkù. Charles Tobey, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin àgbà, tako ìbéèrè náà kíkankíkan. Nítorí náà a gbà kí ẹni tí kò fẹ́ kí akànìyàn mọ àṣírí òun kọ iye owó rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọ̀yà àti owó oṣù nìkan ni a kọ iye rẹ̀. Bí owó láti ibòmíràn bá tó 50 dọ́là, “bẹ́ẹ̀ ni” lásán ni a kọ. Bí ó ti rí nìyí tí àgbẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ fi ní òdo níwájú orúkọ rẹ̀.

Ní 1950 a béèrè owó gbogbo, ti oko pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú márùn-ún ni a bi. Bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò ni: ṣíbí kan tó fún ìkòkò tí a rò dáadáa, ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn kò pọ̀, ìdáhùn àwọn díẹ̀ lè ṣì wá lọ́nà. Iṣu àti ẹ̀fọ́ tí ìdílé gbìn tí wọ́n sì jẹ kò sí nínú owó tí a kà.

Bí a bá to gbogbo ilé láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù títí dé èyí tí ó pọ̀ jù, owó ilé tí ó bọ́ sí àárín gan-an ni àwọn oníṣirò ń wá. Ìdí rẹ̀ ni pé Tuskegee ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ní àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́ tí a ṣí ní 1923. Bí a bá da owó wọn pọ̀ mọ́ ti àgbẹ̀, tí a sì pín in dọ́gba, yóò dà bí ẹni pé àgbẹ̀ ní owó tí kò rí rí. Nínú ìkànìyàn 2000, owó ilé àárín ní Macon jẹ́ 21,180 dọ́là lọ́dún, nígbà tí ti gbogbo Amẹ́ríkà jẹ́ 41,994. Ṣùgbọ́n ti ìdílé ní Macon jẹ́ 28,511, nítorí opó tí ń dá gbé jẹ́ ilé kan, a kò sì kà á sí ìdílé. Ẹni tí ó bá fi ti ìdílé ní ọdún kan wé ti ilé ní ọdún mìíràn yóò pe àìdọ́gba ìṣirò ní ìfàsẹ́yìn.

Láti 2005 ni a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí lóṣooṣù. Fún agbègbè kékeré, ìdáhùn ọdún márùn-ún ni a sábà ń pa pọ̀, a sì ń kọ bí àṣìṣe ti lè tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ọjà: ohun tí a fi dọ́là kan rà ní 1950, ó lé ní dọ́là mẹ́wàá ní 2020.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ ènìyàn. Láti 1965 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń fi iye ọmọ tálákà tí a kà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan pín owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́. Bí iye náà bá ṣì, ìwé kúrò lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Nítorí náà, kí a tó sọ pé àwọn ará oko kan lówó jù ti àtijọ́ lọ, tàbí pé wọ́n tòṣì sí i, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí a kà, ẹni tí a bi, àti ohun tí owó náà lè rà. Àgbẹ̀ Macon tí a kọ òdo fún ní 1940 ti ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko. Ìbéèrè ni kò dé oko rẹ̀.