Ìgbà

Bí ẹ bá kí àgbẹ̀ Kàbà kan ní “Òkun o”, tí ẹ sì bi í pé ìgbà mélòó ni ó ti wa iṣu, iye ni yóò sọ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìgbà wo ni, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò mẹ́nu bà, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń ka iye tí a sì fi ń pe àkókò (igbà tí ọ̀kọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ, ohùn tirẹ̀ yàtọ̀).

Orí ìgbà yìí ni àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà gbé ìṣirò kan kà. Nínú Bíbélì, igi ńlá inú àlá ọba Nebukadinésárì, tí a gé lulẹ̀, tí a fi irin de kùkùté rẹ̀, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí ìgbà méje yóò fi kọjá. Wọ́n ní ìgbà kan jẹ́ 360 ọjọ́, méje rẹ̀ jẹ́ 2,520, ọjọ́ kan sì dúró fún ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí Ìsíkíẹ́lì 4:6. Láti ọdún 607 ṣáájú ìbí Krístì, tí wọ́n ní Jerúsálẹ́mù pa run, 1914 ni ó bọ́ sí. Àwọn òpìtàn ń fi ìparun Jerúsálẹ́mù sí 587 tàbí 586, ibẹ̀ ni ìṣirò náà sì ti ń mì lójú tèmi.

Àwọn àgbà ní ìgbà kì í lọ bí òréré. Síbẹ̀, 360 yẹn kì í ṣe àròsọ, nítorí Ìfihàn orí 12 pe àkókò kan ní 1,260 ọjọ́, ó sì tún pè é ní ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀.