Ọkọ̀ Eré Ìje Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Tà Ní Ọ̀pọ̀

Ferrari 250 GTO ló kàn. 36 péré ni wọ́n ṣe, láàárín 1962 sí 1964. Tuntun rẹ̀ tó nǹkan bíi 18,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọkọ̀ tó yára jù ú lọ dé, ó di ògbólógbòó. Wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀kan ta ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́rẹ ní Texas! Ní 1972, ilé ẹ̀kọ́ náà tà á ní 6,500 dọ́là. Àánú wọn ṣe mí.

Ní 2018, òmíràn lọ ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 48 dọ́là. McLaren F1 ńkọ́, tó sáré 386 kìlómítà ní wákàtí kan ní 1998, tí GTO ò lè dé 300? Mílíọ̀nù 20 àti díẹ̀ ni wọ́n ta ọ̀kan ní 2021. F1 jẹ́ 106. GTO 36, àwọn tó ni ín kì í sì í sábà tà á.