Bí Ọ̀nà Irin Ṣe Wọ Òṣogbo

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìtàn ogun ọdún 1840, nígbà tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin ní ẹ̀yìn odi Òṣogbo. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó sọ ìlú wa di ibi tí gbogbo ayé ń wọ́ wá tajà, díẹ̀ nínú wọn ni yóò dárúkọ ọ̀nà irin. Ní tèmi, kò sí ogun kan tí ó yí Òṣogbo padà tó ọdún 1907, ọdún tí rélùwéè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Ìdó ní Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i títí dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ibẹ̀ ni ó dúró sí fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ìjọba ń lépa ni Odò Ọya àti ilẹ̀ Haúsá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó wà lójú ọ̀nà tààrà láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Ìlú ńlá ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan sì jẹ́ ìlú Aláàfin. Síbẹ̀, irin náà yà sí ìhà ìlà-oòrùn. Ó gba Ìwó àti Ẹdẹ, ó sì wọ Òṣogbo. Láti ibí ó gba Ìkìrun àti Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, nígbà tí ó sì di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kánò. Ní ti Ọ̀yọ́, ọkọ̀ mọ́tò ni ìjọba fi so ó mọ́ Ìbàdàn ní ọdún 1906, ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò tí ó kọ́kọ́ ń kó èrò ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Òṣogbo ni a fún ní irin.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kí rélùwéè tó dé, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ẹrù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó èkùrọ́ tàbí òwú lọ sí ọ̀nà Èkó, aláàárù ni yóò háyà, oúnjẹ aláàárù lójú ọ̀nà a sì máa jẹ nínú èrè ọjà náà. Bí irin ti dé, ẹrù tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí dé Èkó kí ó tó ṣá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, tí irin kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ń ru kòkó wọn wá sí Òṣogbo, ìrìn bí ogún máìlì láti Iléṣà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wá pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà mọ́; àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ni a jọ ń ná ọjà títí di òní. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ilé ìtajà wọn sí ẹ̀bá irin. Ní ọdún 1933, Òṣogbo ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé-iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí iṣẹ́ náà tó ṣí lọ sí Ìbàdàn. Ètò ìkànìyàn ọdún 1952 fi hàn pé àwa ará ìlú yìí ti lé ní 120,000.

Ìlú náà sì yí ojú padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ààfin Ataọ́jà àti Ọjà Ọba ni ọkàn ìlú, gbogbo ọ̀nà ló ń lọ síbẹ̀. Stéṣọ̀n wá di ọkàn kejì, ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ sì gba orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Èrò ìjọba ni pé kí ọ̀nà mọ́tò máa bọ́ rélùwéè, kí lọ́rì kó ẹrù láti oko wá sí stéṣọ̀n, kí ó sì padà sóko. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè mú kí onílọ́rì fi owó sílẹ̀ fún rélùwéè. Rélùwéè ní àkókò tí í máa gbéra. Bọ́lẹ̀kájà a máa dúró dè ọ́, a sì máa já ẹrù rẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ. Bí lọ́rì ti ń borí, gáréèjì di ọkàn kẹta fún ìlú, òun sì ni a kò fi ètò sí rí. Bí ìlú bá ti fún mọ́ ọn, a ó gbé e sí iwájú díẹ̀. Àdúgbò tí à ń pè ní Old Garage jẹ́rìí sí i: orúkọ dúró, gáréèjì ti lọ.

Láàárín ọdún 1980 sí 1999, rélùwéè rẹ̀yìn gidigidi. Àsìkò náà gan-an ni Òṣogbo di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. A kọ́ ọ́fíìsì ìjọba sí Abéèrè, lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, láìro bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe máa dé ibẹ̀. Kórópe àti ọ̀kadà ni wọ́n fi dáhùn ìbéèrè náà fúnra wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Aregbesola (2010 sí 2018) fi ọkọ̀ ojú irin kó èrò lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá sílé nígbà Iléyá àti Kérésìmesì, èrò kún un bámúbámú. A kò tíì gbàgbé irin.

Ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí ni èyí. Ọ̀nà irin tuntun ti dé Ìbàdàn láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ́ àwọn stéṣọ̀n rẹ̀ sí. Ní Abẹ́òkúta, ti àtijọ́ wà ní Láfẹ́nwá, láàárín èrò. Ti tuntun wà ní Ládẹ̀rìn. Ní Ìbàdàn, ti àtijọ́ wà ní Dùgbẹ̀, ní ẹnu ọjà. Ti tuntun wà ní Mọ́níyà, létí ìlú. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ẹrù ní láti san owó ọkọ̀ kejì kí ó tó dé ọjà. Bí irin tuntun bá ń bọ̀ ní ọ̀nà tiwa, ilẹ̀ stéṣọ̀n wa ṣì wà láàárín ìlú. Kí Ẹgbẹ́ wa bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí i, kí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ya àwòrán ọ̀nà náà, kí wọ́n tó tẹ́ irin kan ṣoṣo, bóyá ìyá tí ó ń ti oko bọ̀ yóò lè fi ẹsẹ̀ rìn láti stéṣọ̀n dé Ọjà Ọba.