Aṣọ Ọ̀wọ̀: Láti Ìdí Òfì dé Ọjà Ọba

Ọ̀wọ̀, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Ọ̀ghọ̀, wà ní apá ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ wá, tó sì gba Ìfọ̀n ní àgbègbè Ọ̀sẹ̀ kọjá lọ sí Benin. Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti wá. Benin sì ni ìlú ńlá tó múlé tì í. Ohun tí ará Ọ̀wọ̀ ń fi bora àti ohun tó ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ ti ara ìlú méjèèjì mú nǹkan.

Ẹ̀rí tó pẹ́ jù nípa ọ̀ṣọ́ ará Ọ̀wọ̀ wá láti inú ilẹ̀. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ekpo Eyo, onímọ̀ ìwalẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wa ilẹ̀ Igbó'Lájà nínú ìlú náà, ó sì bá ọ̀pọ̀ ère amọ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbé ọjọ́ orí wọn sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú àwọn kan nínú wọn jọ ti ère Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lára àwọn mìíràn. Ìyẹn ni pé ó ti pẹ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń fi ọlọ́lá hàn ní Ọ̀wọ̀.

Ní ti aṣọ, ọwọ́ obìnrin ni òfì wà. Ní Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì. Aṣọ wọn a máa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, a ó sì gán ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ kó tó di agbádá. Òfì obìnrin Ọ̀wọ̀ dúró ní òòró, aṣọ tó ń ti ibẹ̀ jáde sì fẹ̀, ó nípọn. Méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ tí a rán pọ̀ ti tó ìró kan. Irú aṣọ yìí ni àwọn Yorùbá ibòmíràn mọ̀ sí kíjìpá. Òwú oko ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́: wọn a gbọ̀n ọ́n, wọn a ran án, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú bí wọ́n bá fẹ́ kó dúdú. Ẹ̀gbẹ́ ìyá tàbí ìyá àgbà ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí inú ilé ni òfì wà.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló wà fún gbogbo ènìyàn. Àṣígbò jẹ́ aṣọ ìsìnkú. Sẹ̀ghọ̀sẹ̀n ló níyì jù, aṣọ ìjòyè àti ti ẹni tó rí jájẹ ni. Bí ahunṣọ ti ń hun ún lọ ni yóò máa ki àfikún òwú aláràbarà bọ̀ ọ́, títí tí iṣẹ́ ọnà yóò fi yọ lójú aṣọ. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò àti sùúrù, ìdí nìyí tó fi wọ́n.

Láti ọ̀nà Benin ni ọ̀ṣọ́ ìjòyè mìíràn ti wọlé. Ìtàn sọ pé Oṣógboyè, ọ̀kan nínú àwọn Ọlọ́wọ̀ (ọba Ọ̀wọ̀), gbé ní ààfin Benin nígbà èwe rẹ̀ kó tó jọba, àwọn oyè kan ní Ọ̀wọ̀ sì jọ ti Benin títí di òní. Àwọn oníṣòwò Potogí ń kó iyùn àti aṣọ òdòdó wá sí Benin, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń dé ọwọ́ àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀. Aṣọ òdòdó yìí ni wọ́n fi rán orúfanran, ẹ̀wù àwọn ìjòyè ńlá. Wọ́n gé aṣọ náà wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó léra bí ìpẹ́ akíkà, wọ́n sì rán eyín erin tí a gbẹ́ mọ́ ọn lára: ojú ènìyàn, orí àgbò, orí ẹkùn. Àwọn agbẹ́yín-erin Ọ̀wọ̀ gbajúmọ̀ débi pé iṣẹ́ wọn wà nínú British Museum ní London lónìí.

Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà ọkọ̀ àti owó kòkó yí ọjà padà. Àǹkárá, léèsì àti òwú ilé-iṣẹ́ dé orí àtẹ ní Ọjà Ọba ìlú náà. Lẹ́yìn wọn ni òkìríkà, aṣọ àlòkù, dé, tí wọ́n fi orúkọ ìlú èbúté kan nítòsí Port Harcourt pè. Àwọn kan ń pè é ní bọ́síkọ́nà. Bí ìjọba tilẹ̀ fi òfin de kíkó o wọlé, kò kúrò lọ́jà. Nígbà tí wọ́n dá Pólì Ọ̀wọ̀, tó ń jẹ́ Rufus Giwa Polytechnic báyìí, sílẹ̀ ní 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di oníbàárà tuntun. Lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001, ṣọ́ọ̀bù fóònù àti ti atúnfóònùṣe dara pọ̀ mọ́ ti aláṣọ àti télọ̀. Òfì nílé dín kù, ṣùgbọ́n sẹ̀ghọ̀sẹ̀n kò parun. Òwú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń fi hun ún báyìí, ẹni tó bá sì lówó rẹ̀ lè rà á fún ìgbéyàwó tàbí ìwúyè.

Ibi tí owó kò ti yí òfin ìmúra padà ni ọdún Ìgógò, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, tó sì ń gba ọjọ́ 17. Ìrántí Ọrọ́nsẹ̀n ni, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹn, tó bínú fi ààfin sílẹ̀ nígbà tí wọ́n da èèwọ̀ rẹ̀. Ní àsìkò náà, Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ń di irun bí obìnrin, wọ́n ń kó iyùn sára, wọ́n sì ń jó yí ìlú ká. Wọn kì í lu ìlù. Agogo ni wọ́n ń lù. Ẹnikẹ́ni kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Títí ọdún yóò fi parí, gèlè olówó ńlá àti gèlè òkìríkà, inú àpótí ni méjèèjì ń wà.